Bí Ìka Ọba Bá Ṣẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Òwe náà dùn ún gbọ́, ó sì bá òdodo mu, nítorí kò yẹ kí a fi ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹ aláìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú rẹ̀ tí a kì í sábà béèrè, yálà nítorí ọ̀wọ̀ tàbí nítorí ìbẹ̀rù. Bí ó bá jẹ́ pé ìka ọba fúnra rẹ̀ ni ó ṣẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò mú ọ̀bẹ? Ìbéèrè yìí ni àwọn ará Gíríìkì gbé lọ sórí ìtàgé ní ohun tí ó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn. Òun ni Ọlá Rótìmí tún gbé kalẹ̀ níwájú wa ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1968. Òun náà ni a gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, pàápàá ẹ̀yin tíṣà tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé eré, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ òṣèlú kan tàbí òmíràn.

Kò sí ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ju Festac Town lọ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin, ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Orúkọ ìlú yìí kì í ṣe orúkọ odò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ ọdẹ kan tí ó kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀. Orúkọ àjọ̀dún ni. Ìjọba ológun ni ó kọ́ ọ láti gba àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù January sí ọjọ́ 12 oṣù February ọdún 1977. Nígbà tí àlejò lọ tán, a pín àwọn ilé náà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí àwọn òpópónà rẹ̀, láti First Avenue dé Seventh Avenue, ni kò mọ̀ pé àjọ̀dún ni ó bí ìlú wọn.

Ọmọ àjọ̀dún náà ni eré Gíríìkì tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní ìlú Áténì, lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, gbogbo ìlú a máa ṣe àjọ̀dún fún òrìṣà wọn kan tí ń jẹ́ Dionysus. Àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta a gbé eré ìbànújẹ́ wọn wá láti figa gbága, àwọn adájọ́ tí ìlú yàn a sì wí ẹni tí ó borí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òkè lábẹ́ oòrùn, wọn a máa wò. Àwọn òṣèré a da ìbòjú bo ojú, ẹgbẹ́ akọrin a sì máa jó, wọn a máa kọrin, wọn a máa dá sí ọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ni ará ìlú. Ẹni tí ó bá mọ eégún alárìnjó kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tí a ń wí. Àní ìbòjú ni àmì àjọ̀dún ti ọdún 1977 pẹ̀lú: ìbòjú eyín erin ti Ìyá Ọba Idia ti ilẹ̀ Bìní, èyí tí ó wà ní ilé ìṣúra àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì kọ̀ láti yá wa.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí. Àwọn ará Áténì kì í lo àjọ̀dún wọn láti fi yin ara wọn nìkan. Lójú gbogbo ìlú àti lójú àwọn àlejò ni wọ́n ti ń wo ìtàn ọba tí ó ṣubú, tí wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè pé, kí ni ó gbé e ṣubú?

Nínú gbogbo ìtàn bẹ́ẹ̀, ti Oedipus ni ó lókìkí jù. Sophocles ni ó sọ ọ́ di eré. A sọ tẹ́lẹ̀ fún Laius, ọba Thebes, pé ọmọ tí aya rẹ̀ bá bí fún un ni yóò pa á. Nígbà tí a bí ọmọ náà, wọ́n lu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì fi í fún darandaran kan pé kí ó lọ gbé e jù sórí òkè kí ó kú. Àánú ṣe darandaran náà, ó gbé ọmọ fún ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe di ọmọ ọba Kọ́ríńtì tí kò rí ọmọ bí. Nígbà tí ó dàgbà, òrìṣà Delphi wí fún un pé yóò pa baba rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya. Ó sá kúrò ní Kọ́ríńtì kí ọ̀rọ̀ náà má baà ṣẹ. Ní oríta mẹ́ta, ó bá arúgbó kan pàdé nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ìjà ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tí yóò yà fún ẹnìkejì, ó sì pa arúgbó náà. Ó dé Thebes, ó gba ìlú lọ́wọ́ ẹranko abàmì tí ń pa wọ́n, wọ́n fi í jọba, ó sì fẹ́ opó ọba. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ti mọ ẹni tí arúgbó náà jẹ́, ẹ sì ti mọ ẹni tí opó náà jẹ́.

Ọlá Rótìmí, ẹni tí a bí ní Sapele ní ọdún 1938, tí baba rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Ìjọ̀, gbé ìtàn yìí wá sí ilẹ̀ wa nínú eré tí ó pè ní The Gods Are Not to Blame. Ó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun ni ó sì kọ́kọ́ ṣe eré náà ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1971 ni a tẹ̀ ẹ́ jáde. Thebes di Kútújẹ̀, Oedipus di Ọdẹ́wálé, Laius di Ọba Adétúsà, Jocasta sì di Ojúọlá. Gbọ́ńkáà ni a rán pé kí ó gbé ọmọ lọ sínú igbó. Ògúndélé ọdẹ ni ó tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí Ọdẹ́wálé sá kúrò nílé, ó dá oko iṣu sí oríta kan ní ẹ̀bá Ẹdẹ. Níbẹ̀ ni arúgbó kan àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wá ń wa iṣu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, arúgbó náà sì tàbùkù ẹ̀yà tí Ọdẹ́wálé gbà pé òun ti wá. Ìbínú ru ú, ó gbé ọkọ́, ó sì pa á. Lẹ́yìn náà ni ó dé Kútújẹ̀ ní àkókò tí àwọn ará Ìkòlù ń fi ogun jẹ wọ́n níyà. Ó kó wọn jọ, wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n sì fi àlejò náà jọba. Ọdún 11 ni ó fi ṣe ìjọba kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ sí pa ọmọdé àti àgbà ní ìlú.

Ìhín ni ọ̀rọ̀ àyànmọ́ ti wọlé, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí tíṣà kan ní Amuwo-Odofin bá bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé ta ni ó jẹ̀bi, ó dá wa lójú pé ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi. Àkúnlẹ̀yàn ni, ẹ̀dá kò sì lè sá fún un. Ìdáhùn yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. A ti fi ọ̀rọ̀ náà sí Ọdẹ́wálé lọ́rùn kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Gbogbo ipa tí ó sà láti sá fún ibi ni ó ń gbé e sún mọ́ ibi. Bí ọmọ kan bá bi tíṣà rẹ̀ pé òdodo dà níbẹ̀, kí tíṣà má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ìbéèrè àgbà ni ó béèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé àyànmọ́ ti ilẹ̀ wa kò rí bákan náà pẹ̀lú ti Gíríìkì. Àwọn babaláwo sọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀ kí wọ́n tó wá sílé ayé. Àwọn méjì kánjú, wọ́n mú orí tí ó dára lójú ṣùgbọ́n tí kò jiná. Ẹ̀kẹta, Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, dúró láti dífá, ó rúbọ, ó gba ìmọ̀ràn, ó sì rí orí tí ó dára mú. A rí i nínú ìtàn náà pé ìwà ti ń ṣiṣẹ́ kí a tó yan orí pàápàá. Yorùbá tí ó ní àyànmọ́ kò gbóògùn kan náà ni ó ń rúbọ, tí ó ń fẹsẹ̀ rìn, tí ó sì ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwà. Orí ń lànà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni ni ó ń tọ̀ ọ́.

Nípa báyìí, ẹ jẹ́ kí a ya ohun tí ó jẹ́ ti àyànmọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó jẹ́ ti Ọdẹ́wálé. Pé arúgbó oríta náà jẹ́ baba rẹ̀, ti àyànmọ́ ni. Pé ó gbé ọkọ́ nítorí pé a tàbùkù ẹ̀yà rẹ̀, tirẹ̀ ni. Pé Ojúọlá jẹ́ ìyá rẹ̀, ti àyànmọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí yí sọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó kọjú sí Adérópò ọmọ ọba, tí ó fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, tí ó sì rò pé àwọn ará Kútújẹ̀ kórìíra òun nítorí pé òun kì í ṣe ẹ̀yà wọn, tirẹ̀ ni gbogbo èyí. Ìbẹ̀rù ẹ̀yà ni òkùnkùn tí ó wà lójú rẹ̀ kí ó tó fọ́ ojú náà. Nígbà tí òtítọ́ sì hàn, òun tìkára rẹ̀ ni ó kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe di ẹ̀bi ru àwọn òrìṣà.

Ẹ má ṣe gbàgbé ọdún tí a kọ́kọ́ ṣe eré yìí. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967 ń jà lọ́wọ́. Kò parí títí di oṣù January ọdún 1970. Rótìmí fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn òrìṣà tí òun ní lọ́kàn nínú orúkọ eré náà kì í ṣe Ògún tàbí Ṣàngó, bí kò ṣe àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ayé. Ó ń sọ fún wa pé kí á má ṣe di ẹrù ogun náà ru àjèjì nìkan, nígbà tí ìkórìíra ẹ̀yà sí ẹ̀yà wà nínú ilé tiwa. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì gbó. Ní gbogbo ìgbà ìdìbò ní Èkó ni a ń gbọ́ irú èébú tí a bú Ọdẹ́wálé ní oríta Ẹdẹ. Ní Festac Town, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, ará Ìjọ̀ àti ará Bìní ti ń gbé ní ojúlé kan náà, ó yẹ kí a mọ ibi tí irú èébú bẹ́ẹ̀ ń gbé ni lọ.

A dé ibi tí ó jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ wa. Aristotle, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì tí ó fi ìtàn Oedipus ṣe àpẹẹrẹ, wí pé akọni eré ìbànújẹ́ kì í ṣe ẹni mímọ́ pátápátá, kì í sì í ṣe ìkà. Ènìyàn bí tiwa ni, tí àṣìṣe kan gbé ṣubú. Àánú rẹ̀ ń ṣe wá nítorí pé ìyà náà pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ń bà wá nítorí pé ó lè jẹ́ àwa. Àwa gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, kì í ṣe ìṣubú ni ó sọ Ọdẹ́wálé di akọni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣubú láìjẹ́ akọni. Ohun tí ó ṣe kí ó tó ṣubú ni kí a wò.

Nígbà tí a mú iṣẹ́ dé láti Ilé-Ifẹ̀ pé apànìyàn kan wà ní ìlú, ẹni tí ó pa ọba àná, Ọdẹ́wálé fi Ògún búra ní gbangba pé òun yóò wá ẹni náà rí, òun yóò sì fi ìyà tí ó tọ́ jẹ ẹ́. Oedipus pẹ̀lú gbé ẹni náà ṣépè, àní bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ nínú ilé òun ni ó wà. Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Nínú eré Sophocles, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a bẹ ọba pé kí ó dúró. Tiresias afọ́jú, aríran, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun máa lọ sílé. Jocasta aya rẹ̀, ẹni tí ó ti kọ́kọ́ mòye, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má béèrè mọ́. Darandaran arúgbó náà bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Ọba ni. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu rẹ̀, ìwádìí a parí, ìwé a di pípa dé. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ń béèrè títí ìdáhùn fi di orúkọ ara rẹ̀.

Nígbà tí ó sì di orúkọ ara rẹ̀, kò yí ìbúra padà. Kò wí pé ti mẹ̀kúnnù ni òfin náà. Kò wí pé àyànmọ́ ni, kí á gbàgbé. Ojúọlá ti pa ara rẹ̀. Ọdẹ́wálé fọ́ ojú ara rẹ̀, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, ó sì jáde kúrò ní ìlú tí òun gbà là. Ìka ọba ṣẹ̀, ọba sì gé e. A kò wí pé àyànmọ́ ṣe òdodo sí i, nítorí kò ṣe é. Ohun tí a ń wí ni pé òdodo tí ó wà nínú eré náà, Ọdẹ́wálé ni ó ṣe é. Òun ni ó fún Kútújẹ̀ ní àlàáfíà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ àjèjì ni èyí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin tí a ń pè ní aláṣẹ èkejì òrìṣà mọ̀ pé bí ìwà òun bá di ìnira fún ìlú, Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ òun, òun kò sì ní wà láàyè lẹ́yìn náà. Àwọn baba wa bọ̀wọ̀ fún adé, ṣùgbọ́n wọn kò fi òfin sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọdún àjọ̀dún wa. Eré tí Nàìjíríà gbé síta ní àjọ̀dún náà ni Lángbòdó, tí Wálé Ògúnyẹmí kọ, eré àwọn ọdẹ akíkanjú tí wọ́n lọ wá ire fún ìlú wọn. Ó dára, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n eré ìbànújẹ́ ti ọdún náà kò dúró de orí ìtàgé. Ní ọjọ́ 18 oṣù February, ọjọ́ 6 péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá Aníkúlápó Kútì ní Èkó, ilé tí ó pè ní Kalakuta Republic. Fẹlá ti kọ̀ láti bá ìjọba ṣe àjọ̀dún náà. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé sílẹ̀. Ẹni ọdún 76 ni ìyá náà. Kò bọ́ nínú ìpalára yìí títí ó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù April ọdún 1978.

Ẹ̀yin tíṣà, tiyín ni ìyá yìí. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni, olùkọ́, aya olùkọ́. Ọkọ rẹ̀ ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn tíṣà Nàìjíríà. Òun ni ó kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ lórí owó orí, tí Aláké fi ní láti kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1949.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, ó gbọ́ ẹlẹ́rìí, ó sì mú àbọ̀ wá: sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni ó ṣe é. Ẹ fi èyí wé Kútújẹ̀. Ní Kútújẹ̀, oríta ni a ti pa ọba, fún ọdún 11 kò sì sí ẹni tí ó mọ apànìyàn. Ọba béèrè, a sì mọ̀ ọ́n. Ní Èkó, ọ̀sán gangan ni, aṣọ ìjọba ni wọ́n wọ̀, ará àdúgbò ń wò. Ìjọba béèrè, a kò sì mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ kò sí nínú àyànmọ́. Ó wà nínú ẹni tí ń béèrè, àti bí ó bá fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Ó tọ́ kí a sọ òdodo pẹ̀lú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa ń wádìí ìwà ìfìyàjẹni láyé àwọn ológun, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó jẹ́ olórí ìjọba ní ọdún 1977, tí ó sì tún jẹ́ ààrẹ nígbà náà, lọ jókòó níwájú wọn ní ọdún 2001. Àwọn olórí ìjọba mẹ́ta mìíràn tí a pè kò lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba kò gbé àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde fún ará ìlú. Ọ̀bẹ jáde nínú àkọ̀, a sì dá a padà sínú rẹ̀.

Ìwà yìí kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ńlá. Ní ọdún 2023, àwọn aláṣẹ sàmì sí ọ̀pọ̀ ilé ní Festac Town pé a ó wó wọn, wọ́n ní a kọ́ wọn láìgba àṣẹ tàbí sí ojú ọ̀nà omi. A kò dá ẹjọ́ náà, nítorí a kì í gbọ́ ẹnu ẹnìkan dájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń sọ ọ́. Onílé ní orí òun ni kò gbe òun. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ kò sí nítòsí. Òṣìṣẹ́ tí ó ń kọjá lójoojúmọ́ nígbà tí ilé náà ń ga, tí ó rí i, tí kò wí nǹkan, a ní kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀ tí àgbàrá sì wọlé, a ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Sójà tí a kò mọ̀ ti di òṣìṣẹ́ tí a kò mọ̀, Ọlọ́run sì ni a ń di ẹ̀bi rù. Rótìmí ti kìlọ̀ fún wa.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ẹ̀yin tíṣà, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ́ àyànmọ́ sórí bí ìdáhùn ìdánwò, kí wọ́n sì pa ìwé dé. Ẹ bi wọ́n pé: ibo ni Ọdẹ́wálé ti lè dúró? Kí ni ó dé tí kò dá ìwádìí náà dúró? Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ó rọrùn láti béèrè ìka ẹgbẹ́ kejì. Ọjọ́ tí ìwádìí bá ń bọ̀ wá sí ilé tiyín ni a ó mọ̀ yín. Bí ẹ bá fi owó orí yín àti ìbò yín yan aṣíwájú, ẹ bi í léèrè kí ó tó gorí àga pé, bí ó bá jẹ́ ìka tirẹ̀ ni ó ṣẹ̀, ṣé yóò na ọwọ́?

Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ó má ṣe búra.